Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sí àìsàn tí àwọn ènìyàn ń dá mọ̀ fúnra wọn, tí wọ́n sì ń dá tọ́jú fúnra wọn, tó jẹ̀díjẹ̀dí. Bí ìdí bá ń yún ènìyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí inú bá kún, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ó, wọn á ní jẹ̀díjẹ̀dí ti wọ̀ ọ́ lára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń kán sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kò tún sí ẹni tí yóò béèrè nǹkan kan mọ́, nítorí pé orúkọ àìsàn ti wà nílẹ̀, oògùn rẹ̀ sì ti wà nínú ìgò lọ́dọ̀ ìyá alágbo tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀. Mi ò sọ pé kò sí jẹ̀díjẹ̀dí. Ó wà, ó sì pọ̀. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn ní ojú kan náà, àti pé nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn wa ní Nàìjíríà, apá ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìfun ti fẹ́ parí sí ìdí, ni jẹjẹrẹ yìí ti wọ́pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mú ni kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà àfi ìgbà tí ó bá ti tàn kọjá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà náà, agbo jẹ̀díjẹ̀dí ni.

Èrò kan tún wà láàárín wa, títí kan àwọn tí ó kàwé, pé àrùn òyìnbó ni. Èrò náà kò ṣàdédé wá. Denis Burkitt, oníṣègùn iṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ní Uganda, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1971 pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará abúlé ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì so ó mọ́ oúnjẹ wọn tí ìhàrìhà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ wà nínú ohun tí ó rí. Ṣùgbọ́n abúlé ìgbà náà kọ́ ni abúlé òní. Kò sí ibi tí ọ̀kadà lè dé ní ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà tí búrẹ́dì, Indomie àti ọtí inú ọ̀rá kì í dé, àwọn ènìyàn sì ti ń pẹ́ láyé ju ti ìgbà náà lọ. Ní gbogbo àgbáyé, àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ ìfun ńlá lára wọn ní 2022 ju mílíọ̀nù 1.9 lọ, àwọn tí ó pa sì lé ní 900,000. Òun ni ó wà ní ipò kẹta nínú àwọn jẹjẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù, ó sì wà ní ipò kejì nínú àwọn tí ó ń pani jù. Tiwa kò tíì pọ̀ tó ti Amẹ́ríkà, mi ò sì ní torí pé mo fẹ́ kí ènìyàn ṣe àyẹ̀wò kí n wá máa parọ́ dẹ́rù bà wọ́n. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá mú níbí, ó sábà máa ń mú un lọ, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì tíì tó ẹni 60 ọdún.

Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àrùn náà kì í yára. Kókó kékeré kan ni yóò kọ́kọ́ hù sára ìfun láti inú. Kì í dunni, kì í sì í yọni lẹ́nu. Púpọ̀ nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í di nǹkan kan, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn yóò máa dàgbà, ó sì lè tó bí ọdún mẹ́wàá kí ó tó di jẹjẹrẹ. Nígbà tí mo bá wà láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó, ọ̀rọ̀ àfòmọ́ ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò dúró kí igi kòkó kú kí ó tó gbójú sókè wo ẹ̀ka rẹ̀. Ìgbà tí igi ṣì ń so dáadáa ni ó ń rìn kiri inú oko, èyí tí ó bá sì rí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, yóò gé e kúrò. Bàbá kan nítòsí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà gbọ́ àlàyé yìí tán, ó mi orí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, àfòmọ́ ti kòkó, òkè ni mo ti ń rí i. Ta ni ẹ fẹ́ kó wá bá mi gbójú sókè wo ìdí mi?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà ò lè pa á mọ́ra. Síbẹ̀ ìbéèrè gidi ni bàbá náà bi mí, òun ni mo sì fẹ́ dáhùn nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí.

Àwọn kan máa ń sọ pé ará oko kò lè gbà kí a yẹ ara tí kò ṣàìsàn wò láéláé. Bí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, Ìmẹ̀sí-Ilé ni ọkàn mi máa ń lọ. Láti nǹkan bí 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan, David Morley, tí ó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ìlú kékeré náà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Wọ́n ní kí àwọn ìyá máa gbé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wá fún wíwọ̀n, àní nígbà tí ara ọmọ le koko, kí wọ́n sì máa fi àmì sí orí káàdì kan tí yóò fi hàn bóyá ọmọ náà ń dàgbà bí ó ti yẹ. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń wà. Ìyá tèmi kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n inú àpótí aṣọ rẹ̀ ni ó tọ́jú káàdì àwọn ẹ̀gbọ́n mi sí, pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ bàbá wa, nítorí pé lójú tirẹ̀ ìwé pàtàkì ni méjèèjì. Ohun tí ó jẹ́ kí àwọn ìyá wọ̀nyẹn gbà kò ṣòroó rí: ibẹ̀ sún mọ́ wọn, nọ́ọ̀sì tí ó ń wọn ọmọ jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀, bí ọmọ bá sì ń joro, ohun tí a lè ṣe sí i wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí a bá mú ohun kan kúrò nínú wọn, pàápàá èyí tí mo mẹ́nu bà kẹ́yìn, ó dá mi lójú pé wọn ì bá ti jókòó sílé.

Ohun tí a sábà ń ṣe ní ti jẹjẹrẹ ìfun yàtọ̀ sí èyí pátápátá. A ó kó gbohùngbohùn dé ọjà, a ó sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń bani lẹ́rù, a ó pín ìwé pélébé, a ó sì bá ọ̀nà wa lọ. Àwọn tí wọ́n gbọ́ yóò sọ pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà débi pé mi ò ka á sí àìgbọ́n mọ́. Ẹni tí a dẹ́rù bà tí a kò sì fi ọ̀nà hàn, kí ni kí ó tún ṣe ju kí ó ké pe Ọlọ́run? Àwọn àgbà wa náà ni wọ́n sọ pé igi gànḿgànḿ má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Wọ́n mọ ìtumọ̀ àyẹ̀wò kí a tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ibi tí wọn yóò dúró sí láti wo òkèèrè yẹn ni a kò fún wọn.

Ohun èlò àkọ́kọ́ kò wọ́n rárá: ìka ọwọ́ kan nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà pẹ̀lú jẹ́lì díẹ̀. Níwọ̀n bí púpọ̀ nínú àrùn náà níbí ti ń bẹ̀rẹ̀ ní apá ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ìka dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí ó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè kàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Síbẹ̀ òun ni a kì í sábà ṣe. Ìtìjú ń bá aláìsàn, a sì máa ń gbàgbé pé ìtìjú ń bá òṣìṣẹ́ ìlera náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, bàbá tí ó tó bàbá rẹ̀ bí lọ́mọ dúró níwájú rẹ̀, tí ó sì ní òun ní jẹ̀díjẹ̀dí, ó yá a lára láti kọ oògùn tí a ń kì bọ ìdí fún un ju kí ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dùbúlẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ òsì yín lélẹ̀." Mo máa ń sọ fún àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ mi nígbà náà pé kí wọ́n fa aṣọ ìkélé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n bo bàbá láti ìbàdí, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba ni àwọn tí ó ń kọ̀.

Ohun èlò kejì ni ìgò kékeré tí a fi ń yẹ ìgbẹ́ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní FIT. Ó ń wá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ojú kò lè rí nínú ìgbẹ́. Kò béèrè pé kí ènìyàn yẹra fún ẹran tàbí ẹ̀fọ́ ṣáájú. Igi tín-ín-rín kan wà lára ìdérí rẹ̀. Ènìyàn yóò fi gún ìgbẹ́ rẹ̀ ní ojú bíi mélòó kan, yóò dá a padà sínú omi tí ó wà nínú ìgò, yóò sì dé e pa. Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ́n lo irú àyẹ̀wò ìgbẹ́ ti àtijọ́, èyí tí kò tó FIT, fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, èsì rẹ̀ jáde ní 1993, ó sì fi hàn pé ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ yìí dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ó ń ṣe é lọ́dọọdún.

Lórí ìwé, èyí rọrùn. Ní abúlé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. Ṣáláńgá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, àwọn mìíràn sì ń lọ sínú igbó ní ìdájí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó ń yàgbẹ́ sínú kòtò tí ó ṣókùnkùn kì í rí ìgbẹ́ rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ìdí nìyí tí ìbéèrè náà, "Ṣé ẹ máa ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ yín?", kò fi wúlò púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn, àfi kí a béèrè bóyá wọ́n ń rí ẹ̀jẹ̀ lára omi tàbí bébà tí wọ́n fi ń nu ìdí. Ohun tí a wá kọ́ wọn ni kí wọ́n tẹ́ ewé fífẹ̀ tàbí bébà sórí ilẹ̀, kí wọ́n ṣe é sórí rẹ̀, kí wọ́n mú ohun tí wọ́n fẹ́ mú, kí wọ́n sì da ìyókù sínú ṣáláńgá. Lẹ́yìn èyí ni ti ọkọ̀. Ìyá àgbà kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìgbẹ́ ni n ó kó sínú báàgì, tí n ó fi wọ mọ́tò láàárín àwọn ènìyàn dé Iléṣà? Bí ó bá jò ńkọ́?" Ó tọ̀nà. Láti ìgbà náà ni èrò mi ti dúró lórí pé ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó wà ní abúlé ni ó yẹ kí ó máa gba ìgò náà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba sì máa gbé gbogbo rẹ̀ lọ papọ̀. Oòrùn wa náà wà níbẹ̀: bí ìgò bá pẹ́ nínú ooru, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, àyẹ̀wò yóò sì sọ pé kò sí nǹkan kan níbi tí nǹkan wà. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí a gbà á, nínú kúlà ni kí ó sì wà.

Ó yẹ kí n sọ èyí pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé idán ni ìgò náà. Kì í sọ pé ènìyàn ní jẹjẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń sọ pé ó wà. Láàárín àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú oko, aràn tí ó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun lè fa èyí. Jẹ̀díjẹ̀dí gan-an lè fà á. Nítorí náà, ẹni tí a bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ síbi tí wọn yóò ti fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo gbogbo ìfun ńlá rẹ̀. Bí wọ́n bá rí kókó, inú àyẹ̀wò yẹn kan náà ni wọn yóò ti gé e kúrò láìfọwọ́ kan ikùn. Àwọn ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ yìí kò pọ̀, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò kò sì pọ̀ tó. Èmi gbà pé ìwà ìkà ni kí a pín ìgò FIT fún gbogbo abúlé láìmọ ibi tí àwọn tí èsì wọn bá fi ẹ̀jẹ̀ hàn yóò lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn Ilé-Ifẹ̀ ti ń tọ̀. Ẹgbẹ́ oníwàádìí African Research Group for Oncology, tí a ń pè ní ARGO, fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ láti 2013 pẹ̀lú àjọṣe ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sì dojú kọ ni àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ti ìdí wọn jáde, kí a wá àwọn wọ̀nyí rí kíákíá, kí a sì fi ẹ̀rọ wò wọ́n. Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀rọ pọ̀ sí, lè sọ pé kí gbogbo ẹni tí ó bá pé 45 ọdún wá, bí wọ́n ti dín in kù láti 50 ní 2021. Níbí, kí a kọ́kọ́ mú àwọn tí àmì ti wà lára wọn: ẹni tí ó ń rí ẹ̀jẹ̀, ẹni tí bí ó ṣe ń yàgbẹ́ yí padà tí kò sì padà sípò, ẹni tí ó ń ṣe bí ẹni pé ìgbẹ́ kò tán nínú rẹ̀, ẹni tí ó ń rù láìnídìí, àgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ kò sì ràn án. Bí àyè bá ti gbà, kí a nasẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ara wọn le.

Àwọn mìíràn tí kò yẹ kí ó dúró ni àwọn tí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá wọn ti ní in. Ẹni 40 ọdún ni kí irú wọn ti bẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí tí a rí i lára ẹni wọn, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ibí yìí ni àṣà wa ti ń pa wá lára. Ẹ wo ara ògiri ní Iléṣà tàbí ní Lágere ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ ka ìwé ìkéde òkú tí ó wà níbẹ̀: "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́". Ọkùnrin tí ó ti ń joro fún ọdún méjì, tí ìgbẹ́ ti di ogun fún, àìsàn ránpẹ́ ni wọ́n kọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wà ní Èkó àti Ìbàdàn sin ín, wọ́n ná owó, wọn kò sì mọ̀ pé ohun tí ó pa bàbá wọn ní ọ̀rọ̀ láti bá wọn sọ. Mi ò ní kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ sọ ọ́ nínú ilé lẹ́yìn ìsìnkú, kí olórí ẹbí pe àwọn ọmọ jókòó, kí ó sì dárúkọ àìsàn náà.

Ẹ̀rù mìíràn tí kì í jáde lẹ́nu wọn àfi bí a bá ti mọ ara wa ni ti àpò. Gbogbo abúlé ni ó mọ ẹnì kan, tàbí tí ó gbọ́ nípa ẹnì kan, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ìlú ńlá tí ó sì padà wálé tòun ti àpò ìgbẹ́ lára ikùn. Obìnrin kan sọ fún mi pé ikú yá òun ju kí òun máa gbé ìgbẹ́ kiri ọjà Atákúmọ́sà. Mi ò bá a jiyàn. Mo sọ fún un pé àwọn tí ó pẹ́ kí wọ́n tó wá ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tí ó ń gbé e, pé ti àwọn mìíràn jẹ́ fún oṣù díẹ̀ tí wọn yóò fi yọ ọ́, àti pé ẹni tí a bá rí kókó rẹ̀ kí ó tó di jẹjẹrẹ kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú àpò. Ó ní kò sẹ́ni tí ó ti sọ èyí fún òun rí.

Mo ti rí i tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń bú àwọn alágbo, mi ò sì rí èrè kankan níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọtí tí wọ́n fi ń rẹ egbòogi mìíràn pàápàá ń dá kún ewu jẹjẹrẹ yìí. Ṣùgbọ́n ìyá alágbo ni ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń bọ́, ṣáájú ìyàwó nígbà mìíràn, ṣáájú nọ́ọ̀sì nígbà gbogbo. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n sí kò ju pé ẹni tí ó bá padà wá ra agbo kan náà nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà, kí wọ́n má tún tà á fún un láìsọ pé, "Ẹ kọ́kọ́ lọ fi han nọ́ọ̀sì ná." Àwọn kan ń ṣe é. Ìyá kan tí ó ń tà lẹ́bàá ọ̀nà Ifẹ̀wàrà sọ fún mi pé àwọn oníbàárà òun túbọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé òun láti ìgbà tí òun ti ń lé díẹ̀ nínú wọn lọ.

Owó ni ó kù, òun ni ó sì ń dá ọ̀pọ̀ padà. Láti abúlé, ẹni tí wọn yóò fi ẹ̀rọ wò gbọ́dọ̀ mu oògùn tí yóò fọ inú rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí ó ṣáájú, kò sì lè wọ ọkọ̀ èrò nínú irú ipò bẹ́ẹ̀. Ó nílò ilé tí ó ní omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítòsí ilé ìwòsàn, ẹni tí yóò bá a sùn síbẹ̀, àti ẹni tí yóò mú un padà. Àpò ara ẹni ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ti ń jáde ní orílẹ̀-èdè yìí, àgbẹ̀ kì í sì í ní owó lọ́wọ́ títí di ìgbà tí ó bá ta kòkó. Nítorí náà, kí n tó fi ìgò lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ tí ó wà nígboro ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà, mo sì máa ń pe onítọ̀hún níṣojú bàbá tàbí ìyá náà nígbà tí kò tíì sí èsì kankan, kí a lè jọ fẹnu kò lórí ilé tí àgbà náà yóò sùn sí àti ẹni tí yóò san owó ọkọ̀, bí a bá ní kí ó wá.